Ewé Bọ́, Igi Kò Kú

  

Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe igi oko, kì í sì í ṣe igi ìdáná. Igi kékeré kan ni, tí a ń gbìn sínú àwo pẹlẹbẹ, tí a sì ń gbé sí ojú fèrèsé tàbí sí ẹ̀yìnkùlé. Bonsai ni àwọn ará Japan ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a gbìn sínú àwo. Ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Penjing ni tiwọn ń jẹ́. Bonsai kì í ṣe orúkọ irú igi kan, orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Igi tí ì bá ga ju òrùlé ilé lọ ni wọ́n ń gé lẹ́ka, tí wọ́n ń gé ní gbòǹgbò, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi dúró ní ìwọ̀n apá ènìyàn, tí yóò sì jọ àgbà igi pátápátá. Àwọn àgbà wa ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn wọ̀nyí mú ọ̀rọ̀ náà lò dé òpin.

Nínú àwọn igi tí wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ gan-an ní ọjà London àti ti Amẹ́ríkà ni elm ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Ulmus parvifolia. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn, èdè Látìnì ni, ó túmọ̀ sí ẹléwé kékeré. Ewé rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ntímítà 2 sí 5 lọ ní gígùn, etí rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Igi náà kò ṣòro láti tọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tà á fún ẹni tí kò tíì gbin bonsai rí.

Ṣùgbọ́n ìdààmú kan wà tí ó máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí igi yìí. Ẹnì kan yóò kó kúrò ní Houston lọ sí Chicago, yóò sì gbé igi rẹ̀ dání. Ẹlòmíràn yóò ra tirẹ̀ ní ọjà London, kò ní mọ̀ pé láti gúúsù Ṣáínà ni igi náà ti wá. Oṣù díẹ̀ yóò kọjá, ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ọsàn tí ó gbó, yóò sì máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn olówó igi yóò dàrú. Yóò máa bomi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Yóò wá ajílẹ̀ lọ dà sí i. Yóò gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, kí ara rẹ̀ lè yá. Nígbà tí ó bá ku ẹ̀ka lásán, yóò gbé e jù sí ààtàn. Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ igi tí ó dé ààtàn báyìí kò tíì kú ní ọjọ́ tí ewé rẹ̀ bọ́. Ìtọ́jú tí kò bá àsìkò mu ni ó pa á.

Ó sì lè jẹ́ pé igi náà kì í ṣe igi ọjà lásán. Ó lè jẹ́ èyí tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ tí ń kó lọ fi sí ìkáwọ́ ọ̀rẹ́. Igi bonsai a máa pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Ní ọdún 1976, nígbà tí Amẹ́ríkà pé igba ọdún, bonsai 53 ni ilẹ̀ Japan fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì gbé wọn wá sí Washington. Ọ̀kan nínú wọn, tí í ṣe igi páìnì, ti wà lábẹ́ ìtọ́jú ọmọ ènìyàn láti ọdún 1625. Ní Hiroshima ni ó wà ní ọdún 1945 nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú náà, kò sì kú. Igi tí ó la èyí já tún la òkun já, ó sì fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ tuntun. Ẹ rí i pé ibùgbé tuntun nìkan kì í pa igi. Bí olówó igi kò bá mọ àsìkò ibùgbé tuntun náà ni ewu dé.

IGI KAN, ÌWÀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí igi yìí ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn elm inú àwo tí a ń rí lọ́jà, agbègbè Guangdong ní gúúsù Ṣáínà ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Ní Guangzhou, tí í ṣe olú ìlú agbègbè náà, nínú oṣù Kìn-ín-ní tí òtútù ibẹ̀ mú jù, ìwọ̀n ooru ojoojúmọ́ a máa wà ní bí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní London, ìwọ̀n bí 5 tàbí 6 ni nínú oṣù kan náà. Ní Chicago, a máa lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti ń di yìnyín.

Ìmọ́lẹ̀ náà yàtọ̀. Nílé wa níhìn-ín, ọjọ́ tí ó gùn jù àti ọjọ́ tí ó kúrú jù nínú ọdún kò fi wákàtí kan ju ara wọn lọ. Ní Guangzhou, ọjọ́ tí ó kúrú jù ṣì ju wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ lọ. Ní Houston, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 10. Ní Chicago, ó lé díẹ̀ ní 9. Ní London kò pé 8. Igi kò ní kàlẹ́ńdà, kò ní aago. Òtútù àti gígùn ojúmọ́ ni ó fi ń mọ ibi tí ọdún dé.

Nítorí náà ni igi kan náà fi ń hu ìwà méjì. Níbi tí ó bá móoru, elm ilẹ̀ Ṣáínà a máa wà pẹ̀lú ewé rẹ̀ yípo ọdún, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí òtútù bá ti mú, yóò wọ́wé pátápátá, yóò sì sùn títí òtútù yóò fi kọjá. Kì í ṣe àìsàn. Igi náà ń kọ́ àṣà ìlú tí ó dé ni.

Kò sì yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ẹ wo ìrókò, ẹ wo àràbà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wọn a wọ́wé, wọn a dúró ní ìhòòhò láàárín igbó, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àràbà ti kú. Gbogbo wa mọ̀ pé yóò tún rúwé. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń bọ́ aṣọ lára igi. Lọ́dọ̀ tiwọn, òtútù ni. A tilẹ̀ ti fi ewé sọ àsìkò wọn lórúkọ ní èdè wa: ìgbà ìwọ́wé ni èyí tí ó ṣáájú òtútù, ìgbà ìrúwé sì ni èyí tí ó tẹ̀ lé e.

EWÉ TÍ Ó BỌ́ ÀTI EWÉ TÍ Ó KÚ

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá igi yín ń sùn ni tàbí ó ń kú lọ.

Bí ojúmọ́ bá ń kúrú tí òtútù sì ń wọlé, igi kì í kàn da ewé nù bí ẹni da pàǹtírí nù. Yóò kọ́kọ́ fa oúnjẹ tí ó wà nínú ewé padà sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò. Àwọ̀ tútù yóò lọ, àwọ̀ ìyeyè tí ó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò hàn. Lẹ́yìn èyí, igi yóò fi awọ líle tín-ín-rín kan dí ojú ibi tí ọrùn ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, bí onílé tí ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó lọ sùn. Nígbà náà ni ewé yóò bọ́, ibẹ̀ kò sì ní di ọgbẹ́. Iṣẹ́ ni gbogbo èyí, alààyè nìkan ni ó sì lè ṣe iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ewé bá pọ́n, tí ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́ tí ó sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀ka alààyè ni ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé bá gbẹ lójijì, tí ó ká kò, tí ó dà bí ewé tábà, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tí kò fẹ́ bọ́, ẹ̀rù ẹ̀ka yẹn ni kí ó bà yín. Ó lè jẹ́ pé ó ti kú kí ó tó ráyè ti ilẹ̀kùn. Òùngbẹ tàbí òtútù òjijì ni ó sábà ń fa irú èyí.

Ẹ̀kẹta wà. Bí ewé bá ń bọ́ ní tútù, láìpọ́n, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ gbé igi dé ilé, àyípadà òjijì ni ó bá a: ìmọ́lẹ̀ ti dín kù, tàbí omi ti pọ̀ jù ní ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ewé tuntun sábà ń yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Bí iyèméjì bá ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan, kí ó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀ka náà wà láàyè. Bí ó bá gbẹ bí igi ìdáná, ẹ sún mọ́ ìdí igi kí ẹ tún ha á wò, nítorí ẹ̀ka lè kú kí igi má kú. Ẹ má sì máa ha á lójoojúmọ́. Ẹni tí ń jí aláìsàn lóru láti bi í bóyá ó sùn, kò jẹ́ kí ó sùn.

ÌGBÀ ÌWỌ́WÉ ÀTI ÌGBÀ ÒTÚTÙ

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ó bá ṣeé ṣe fún yín láti yan ìgbà tí igi yóò ṣí, ìgbà ìrúwé tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ yàn, lẹ́yìn tí yìnyín ti kásẹ̀ nílẹ̀. Igi tí ó dé Chicago nínú oṣù Kẹfà yóò rí ojúmọ́ tí ń kúrú díẹ̀díẹ̀, yóò rí òtútù tí ń wọlé díẹ̀díẹ̀, yóò sì ti múra kí yìnyín tó dé. Igi tí a gbé kúrò nínú ooru Houston nínú oṣù Kejìlá tí a sì gbé sí ìta ní Chicago dà bí ẹni tí a jí lójú oorun tí a sì jù sódò.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti fi la òtútù àkọ́kọ́ kọjá. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní wà fún igi tí ó ti wà níta láti ìgbà ìrúwé, tí ó sì ti wọ́wé. Ẹ jẹ́ kí ó sùn ní ibi tí ó tutù. Elm ilẹ̀ Ṣáínà tí a gbìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè fara da òtútù líle, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú àwo kò ní ilẹ̀ tí yóò bo gbòǹgbò rẹ̀. Bí òtútù bá fẹ́ kọjá ìwọ̀n 5 sí ìsàlẹ̀ òdo, ẹ gbé e sínú gáréèjì tàbí ilé ìkẹ́rù tí a kò mú gbóná. Igi tí kò léwé kò nílò ìmọ́lẹ̀. Òkùnkùn gáréèjì kò ní pa á lára. Ẹ lè rì àwo náà sínú àpótí tí ó kún fún èèpo igi gbígbẹ, kí gbòǹgbò lè rí ohun bora.

Ọ̀nà kejì wà fún igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ olóoru dé, tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí òtútù dé bá a. Ẹ gbé e sí yàrá tí ó tutù tí ó sì ní ìmọ́lẹ̀ dáadáa, bí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rọ ooru kò dé. Ìwọ̀n 5 sí 10 dára. Ibẹ̀ ni yóò wà títí di ìgbà ìrúwé. Ní ọdún kejì, ó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn níta.

Ibi tí kò yẹ kí ó wà ni pálọ̀ tí ẹ ti mú gbóná, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ooru ibẹ̀ yóò sọ fún igi pé kí ó hù, òkùnkùn ibẹ̀ yóò sì sọ fún un pé oúnjẹ kò sí. Yóò ta ẹ̀ka gígùn tí kò lágbára, ewé rẹ̀ yóò sì ṣì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò kéékèèké kan tún fẹ́ràn, tí wọ́n ń ta okùn bí aláǹtakùn sábẹ́ ewé tí wọ́n sì ń fa oje rẹ̀ mu. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ fi omi lásán fọ abẹ́ ewé léraléra. Ẹ má yára fín oògùn kòkòrò, nítorí oògùn mìíràn wà tí ó ń mú kí elm da gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó burú jù ni kí a máa gbé e wọlé kí a tún máa gbé e jáde. Bí ẹ bá gbé igi tí ń sùn wọ inú ooru nínú oṣù Kìn-ín-ní, yóò rò pé ìgbà ìrúwé ti dé, yóò sì yọ ewé múlọ́múlọ́. Bí ẹ bá tún gbé e padà sínú yìnyín, ewé wọ̀nyẹn yóò kú, oúnjẹ tí ó fi pèsè wọn yóò sì ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Ewé ni ó ń mu omi jù nínú igi. Bí ewé bá ti bọ́ tán, ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni igi ń fẹ́. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ àwo náà. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń gbẹ lọ, ẹ bu omi sí i títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, ẹ má sì bomi sí i nítorí pé ọjọ́ omi pé. Ọ̀pọ̀ elm tí ó wá láti Ṣáínà ni wọ́n gbìn sínú amọ̀ líle tí ń di omi mú, gbòǹgbò sì máa ń jẹrà nínú rẹ̀ kí ojú tó rí i. Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ dá a dúró pátápátá láti ìgbà tí ewé bá ti ń pọ́n. A kì í fi òkèlè sí ẹni tí ń sùn lẹ́nu.

Ní ti ewé gan-an, ẹ máa ṣa èyí tí ó bọ́ kúrò lójú àwo, nítorí àìsàn àti kòkòrò a máa sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò tíì bọ́, ẹ má fà á já; ó ṣì ń kó oúnjẹ wọlé. Bí díẹ̀ bá wà lórí igi títí di oṣù Kìn-ín-ní, kì í ṣe àmì burúkú. Elm ilẹ̀ Ṣáínà a máa pẹ́ kí ó tó wọ́wé ju ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ lọ.

ÌGBÀ ÌRÚWÉ ÀTI ÌGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Nínú oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ẹ óò rí i tí àwọn ojú kéékèèké lára ẹ̀ka ń wú. Ayọ̀ ńlá ni ọjọ́ náà jẹ́ fún ẹni tí ó ní sùúrù. Bí ewé àtijọ́ bá wà tí ó ti ní àmì dúdú tàbí tí ó ti rẹ̀, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara ewé tuntun. Ewé àtijọ́ mìíràn yóò pọ́n, yóò sì bọ́ fúnra rẹ̀ bí tuntun ti ń yọ. Ẹ má tún bẹ̀rù. Àgbà ń fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ ni.

Láti ìgbà tí ewé bá ti yọ, ẹ ṣọ́ra fún yìnyín òru. Ní London, ó sábà máa ń di ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún kí ó tó dáwọ́ dúró. Ní Chicago, a máa tó àárín oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igi jáde, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan lọ́jọ́ kan. Ewé tí ó hù nínú ilé rọ̀, oòrùn yóò jó o. Ẹ fi í sí abẹ́ ìbòòji, kí ó máa gba oòrùn òwúrọ̀ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà méjì, títí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò fi pé.

Bí ewé tuntun bá ti gbó díẹ̀, tí kò rọ̀ bí ti àkọ́kọ́ mọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní àṣà àwọn olùtọ́jú bonsai, bí ẹ̀ka tuntun bá ní ewé 6 sí 8, wọn a gé e padà sí ewé 2 tàbí 3, kí ẹ̀ka lè pọ̀ kí ewé sì kéré. Ṣùgbọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ tí igi ṣí, ẹ fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kan gùn ju bí ojú ṣe fẹ́ lọ. Ewé ni ìdáná igi. Ẹni tí àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kí a wó ìdáná rẹ̀. Nítorí náà pẹ̀lú, iṣẹ́ kan tí àwọn ọ̀gá máa ń ṣe nínú oṣù Kẹfà, tí wọ́n fi ń gé gbogbo ewé igi kúrò kí èyí tí ó kéré sí i lè yọ, kì í ṣe fún igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Igi tí ó lókun nìkan ni a ń ṣe é fún.

Bí ẹ bá rí àmì dúdú tóótòòtó lára ewé nígbà òjò, ẹ ká irú ewé bẹ́ẹ̀ kúrò, ẹ má sì da omi sórí ewé nírọ̀lẹ́. Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi sí.

ẸNI TÍ Ó FI ÒTÚTÙ SÍLẸ̀ LỌ SÍNÚ OORU

Àwọn mìíràn ń ti Chicago bọ̀ wá sí Houston. Ìdààmú tiwọn yàtọ̀. Oṣù Kejìlá yóò dé, ewé igi yóò ṣì wà lórí, olówó rẹ̀ yóò sì máa bẹ̀rù pé kò ráyè sùn. Ẹ má fà á léwé, ẹ má sì fi omi dù ú kí ó lè sùn tipátipá. Ẹ fi í sílẹ̀ níta kí ó gba òtútù tí Houston bá ní. Ó lè wọ́wé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè má wọ́wé tán. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àìsàn. Ó tún lè rúwé ṣáájú ìgbà tí ẹ ti mọ̀ ní Chicago.

Ẹ má sì rò pé yìnyín kò lè dé ibẹ̀. Nínú oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù líle bo gbogbo Texas, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn sì kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ni ó tún nílò ìṣọ́ra jù. Bí ooru bá dé ìwọ̀n 35, àwo pẹlẹbẹ lè gbẹ kí ọjọ́ tó pé, etí ewé yóò sì jó. Ẹ bi ilẹ̀ àwo léèrè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi ìbòòji bò ó lọ́wọ́ ọ̀sán.

KÍ Ẹ TÓ GBÉ E KỌJÁ ẸNU IBODÈ

Láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹ má fi igi pamọ́ sínú ẹrù. Ìwé ẹ̀rí wà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò máa ń fúnni pé igi kò ní àrùn. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó rin ìrìn àjò. Nínú Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn ìpínlẹ̀ bíi California a máa yẹ ohun ọ̀gbìn wò lẹ́nu ibodè wọn.

Òfin yìí kì í ṣe ìdààmú lásán. Àrùn kan wà tí ń pa elm, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Netherlands kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, irú rẹ̀ tí ó le jù wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gẹdú elm tí wọ́n kó wá láti Àríwá Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ó ti pa elm tí ó ju mílíọ̀nù 25 lọ níbẹ̀. Elm ilẹ̀ Ṣáínà fúnra rẹ̀ lágbára sí àrùn náà, ṣùgbọ́n ẹrù kan tí a kò yẹ̀ wò lè sọ igbó ìlú kan di aṣálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ sì fẹ́ gbin bonsai, ẹ wo ìdílé ọdán. Ọ̀pọ̀ irú ọdán ni àwọn ará Éṣíà ti ń fi ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, wọn kì í sì í béèrè òtútù kí wọ́n tó lè sùn. Ẹ fi elm sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbé ibi tí yìnyín ń gbé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ bá mi ka èyí sí wọn létí. Bí ewé igi wọn bá bọ́ nínú oṣù Kọkànlá, kí wọ́n má gbé e lọ sí ààtàn. Kí wọ́n fi èékánná ha èèpo rẹ̀ wò, kí wọ́n gbé e sí ibi tí ó tutù, kí wọ́n dín omi kù, kí wọ́n sì dúró di oṣù Kẹrin. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.